Ọ̀sẹ̀ Mẹ́ta tí A Fi Bá Ìlawẹ̀ Du Ife Họ́kì

Mo ti lé ní ọgọ́ta ọdún kí n tó mọ ohun tí wọ́n ń pè ní họ́kì. Èkó ni mo ti ṣiṣẹ́ ìjọba títí mo fi fẹ̀yìn tì. Nígbà tí èmi àti ìyàwó mi kó padà sí Ìkẹ́rẹ́, ilé tí a kọ́ fara ti pápá ilé ẹ̀kọ́ kan, ògiri nìkan ló là wá láàárín. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, bọ́ọ̀lù funfun kan fò kọjá lórí ògiri náà, ó bọ́ sáàárín àgbàdo mi, ó sì ṣẹ́ igi méjì. Mo mú un lọ́wọ́. Ó le bí òkúta. Mo ṣì ń yí i wò nígbà tí ọmọbìnrin kan kànkùn ní géètì wa. Ó wọ ìbọ̀sẹ̀ tó dé orúnkún, ó sì mú ọ̀pá kan tí ìdí rẹ̀ tẹ̀ bí ìwọ̀ dání. Ó kúnlẹ̀ kí mi tòun ti ọ̀pá náà, ó ní bọ́ọ̀lù àwọn ni, kí n jọ̀wọ́ má bínú nítorí àgbàdo. Mo bi í pé irú eré wo ni wọ́n ń fi nǹkan tó le báyìí ṣe. Ó ní họ́kì ni. Ó ní kí n wá wò ó bí mo bá ráyè.

Kí ni mo ń fi àyè ṣe tẹ́lẹ̀? Mo tẹ̀ lé e lọ.

Àwọn obìnrin ìlú wa ni wọ́n kóra jọ síbẹ̀. Tíṣà wà nínú wọn, nọ́ọ̀sì wà, akẹ́kọ̀ọ́ wà. Ọmọbìnrin tó wá gba bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ mi yìí, aránṣọ ni, òun sì ni balógun ikọ̀ náà. Ẹ̀yìn ló máa ń dúró sí, níwájú aṣọ́lé. Ohun tó wù mí lára rẹ̀ ni pé kì í sáré ju bó ṣe yẹ lọ. Bọ́ọ̀lù á máa bọ̀ bí ẹni pé ó fẹ́ pa ènìyàn, òun á kàn tẹ̀ síwájú lẹ́ẹ̀kan, á gbé ọ̀pá lélẹ̀, bọ́ọ̀lù náà á sì dákẹ́.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti di ará pápá. Ní Èkó, ẹni tó ń jókòó ti fáìlì ni mí, àwọn ọ̀gá mi sábà máa ń ní kí n gbé ohùn sókè kí àwọn lè gbọ́ mi. Ṣùgbọ́n ní ẹ̀gbẹ́ pápá yìí, n kò mọ ibi tí ohùn náà ti ń jáde wá. Bí mo bá ti rí ọ̀tá lẹ́yìn ọ̀kan nínú àwọn ọmọ wa, mo ti pariwo nìyẹn: "Wẹ̀yìn!" Kò pẹ́ tí wọ́n fi sọ mí ní Bàbá Wẹ̀yìn. Ìyàwó mi ní orúkọ náà dára, pé ó sàn ju kí n jókòó sílé máa bá iná ìjọba jà.

Ní ọdún tó kọjá, ikọ̀ wa dé ìparí ìdíje tí àwọn ìlú máa ń ṣe láàárín ara wọn. Ìlawẹ̀ ni wọ́n fi wá kò. Ó lè tó ẹ̀ẹ̀mẹta tí a ó pàdé: ẹ̀ẹ̀kan lọ́dọ̀ wọn, ẹ̀ẹ̀kan lọ́dọ̀ wa, bí ó bá sì di ọ̀mì, a ó parí rẹ̀ ní Èmùré. Ẹni tó bá borí lẹ́ẹ̀mejì ni yóò gbé ife lọ. Gbogbo ẹni tó mọ̀ nípa họ́kì lágbègbè wa ló sọ pé Ìlawẹ̀ yóò fọ̀ wá mọ́. Èmi náà mọ̀ pé wọ́n lágbára jù wá lọ, ṣùgbọ́n n kò jẹ́ kí ó ti ẹnu mi jáde.

Ní ọjọ́ Sátidé àkọ́kọ́, a kó sínú bọ́ọ̀sì lọ sí Ìlawẹ̀. Èmi nìkan ni ọkùnrin tó wà nínú bọ́ọ̀sì yàtọ̀ sí dírẹ́bà. Wọ́n gbá wa ní góòlù kan, a kò sì rí i dá padà. Ẹni tó gbá góòlù náà jẹ́ ọmọbìnrin gíga kan tí apá rẹ̀ le. Bí ó bá gbé ọ̀pá sókè, o ó gbọ́ ìró rẹ̀ kí o tó rí bọ́ọ̀lù. Nígbà tí a ń padà bọ̀, a gba Adó. Níbẹ̀ ni kóòṣì wa, tíṣà obìnrin kan tí kì í fi ọ̀rọ̀ ṣòfò, ti yíjú sẹ́yìn sọ fún wọn pé góòlù kan kò pa ènìyàn.

Ọ̀sẹ̀ kejì, àwọn náà wá bá wa ní Ìkẹ́rẹ́. Pápá kún ju bí mo ṣe rí i rí lọ. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì wa wá, àwọn oníbàárà tí balógun ń ránṣọ fún náà wá. Ìyàwó mi pàápàá gbé àga wá, ó jókòó sábẹ́ igi. A gbá góòlù méjì kí wọ́n tó simi, Ìlawẹ̀ dá ọ̀kan padà lẹ́yìn tí wọ́n padà sórí pápá. Láti ìgbà náà lọ, wọn kò jẹ́ kí a mí. Ó kù díẹ̀ kí eré parí nígbà tí ọmọbìnrin gíga yẹn já gba apá ọ̀tún wọlé. Balógun wa jáde lọ pàdé rẹ̀. Mo rí ẹlòmíràn tó ń sáré bọ̀ lẹ́yìn balógun. Mo fi gbogbo agbára mi pariwo, "Wẹ̀yìn!"

Ohun tí mo rí lẹ́yìn náà ni pé balógun yí orí, bọ́ọ̀lù fò sókè, ó sì bà á lójú.

Kò kígbe. Ó kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú, ẹ̀jẹ̀ sì ń gba àárín ìka rẹ̀ jáde. Rẹfirí fọn fèrè. Nọ́ọ̀sì inú ikọ̀ wa ló kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó fi táwẹ́ẹ̀lì tẹ ibẹ̀ mọ́lẹ̀. Wọ́n gbé e sínú mọ́tò kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá, nọ́ọ̀sì bá a lọ. Àwọn yòókù parí ìṣẹ́jú díẹ̀ tó kù, a sì borí ní góòlù méjì sí ọ̀kan. Kò sí ẹni tó fò sókè. Wọ́n kàn ń kó ọ̀pá wọn jọ, wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ ara wọn bóyá ó lè rí ọ̀nà nígbà tí wọ́n ń gbé e lọ.

Èmi dúró síbi tí mo wà. Ohun tó wà lọ́kàn mi ni pé èmi ni mo ní kí ó wẹ̀yìn, ó sì wẹ̀yìn.

N kò lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà. Mo sọ fún ara mi pé èrò á ti pọ̀ jù níbẹ̀. Irọ́ ni. Ẹ̀rù ń bà mí. Ní ọjọ́ Ajé, a gbọ́ pé wọ́n ti rán ojú ọgbẹ́ tó wà lókè ìpéǹpéjú rẹ̀, ṣùgbọ́n pé ẹ̀jẹ̀ ti dà sínú ẹyinjú fúnra rẹ̀, ojú náà sì ti wú dí. Wọ́n ní dókítà ojú kan ní Adó ti rí i, ó ní kí ó máa simi, kí ó padà wá ní Ọjọ́bọ̀ kí wọ́n lè mọ ohun tó ṣẹ́kù. Aránṣọ ni ọmọ yìí. Ojú ló fi ń jẹun. Bí mo bá ti gbé oúnjẹ síwájú, ohun tí mo máa ń rántí nìyẹn, oúnjẹ náà á sì korò lẹ́nu mi.

Ìyàwó mi fi mí sílẹ̀ títí di àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ó ń lọ aṣọ, mo jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó sì béèrè láìwo ojú mi pé kí ló ń ṣe mí. Mo sọ gbogbo rẹ̀. Mo sọ bí mo ṣe pariwo, bí ọmọ náà ṣe yí orí, bí mo ṣe ń gbọ́ ohùn ara mi nígbàkígbà tí ibi gbogbo bá ti dákẹ́. Mo rò pé yóò ní kí n gbàgbé ẹ̀. Ó gbé áyọ́ọ̀nù dúró.

Ó ní, "Ẹ lọ sọ fún wọn. Bí ẹ bá jẹ̀bi, ẹ tọrọ àforíjì. Bí ẹ kò bá jẹ̀bi, àwọn ni yóò sọ ọ́. Ẹ̀yin nìkan kọ́ lẹ máa dá ẹjọ́ yìí."

Mo wọ bàtà, mo lọ.

Ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ ni balógun wà. Àgbẹ̀ ni ìyá náà, iṣu ló ń bẹ lọ́wọ́ ní ẹ̀yìnkùlé nígbà tí mo dé. Ọmọ rẹ̀ jókòó lórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, báńdéèjì bo ojú òsì, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ sì ti di àwọ̀ aró. Ó fẹ́ dìde kí mi, mo ní kí ó má dìde. Ìyá rẹ̀ ní kí n jókòó. N kò jókòó. Mo mọ̀ pé bí mo bá jókòó, wọ́n á gbé omi wá, a ó bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè àlàáfíà ilé, n kò sì ní lè sọ ọ́ mọ́.

Mo ní, "Èmi ni mo fa ohun tó ṣe ọ́. Mo ní kí o wẹ̀yìn, o yí orí, ìdí tí bọ́ọ̀lù fi bà ọ́ lójú nìyẹn. Mo wá bẹ̀ ọ́, mo sì wá bẹ ìyá rẹ."

Ìyá rẹ̀ dá ọ̀bẹ dúró. Ó wo ọmọ rẹ̀. Ọmọ náà wò mí pẹ̀lú ojú kan títí, mo rò pé ó ń wá bí yóò ṣe sọ ọ́ kí ó má baà dùn mí. Lẹ́yìn náà ni ó nawọ́ mú fóònù rẹ̀ nílẹ̀. Ó ní ẹnìkan tó wà lẹ́yìn ilé góòlù ló ya fídíò eré náà, kóòṣì ló fi ránṣẹ́ sí òun. Ó ní kí n sún mọ́ òun. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Nínú fóònù kékeré yẹn, mo rí i bí ó ṣe jáde lọ pàdé ọmọ Ìlawẹ̀. Mo rí i bí ọmọ Ìlawẹ̀ ṣe gbé ọ̀pá sókè. Balógun gbé tirẹ̀ lélẹ̀ láti dá bọ́ọ̀lù náà dúró, bọ́ọ̀lù náà kan etí ọ̀pá rẹ̀, ó sì ta sókè sí i lójú. Orí tí mo rí pé ó yí, ìgbà tí bọ́ọ̀lù bà á ló yí i. Ó ti ń kúnlẹ̀ kí ohùn ọkùnrin kan tó dún láti ẹ̀gbẹ́ pápá: "Wẹ̀yìn!"

Balógun dá fídíò náà padà sẹ́yìn, ó tún tẹ̀ ẹ́ kí n gbọ́. Ó tún ṣe é lẹ́ẹ̀kẹta.

Ó ní, "Bàbá, ẹ ti pẹ́ kí ẹ tó pariwo. Ẹ máa ń pẹ́. Gbogbo wa la mọ̀."

Ìyá rẹ̀ ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ọmọ náà fẹ́ rín in, ṣùgbọ́n ẹ̀rẹ̀kẹ́ ń dùn ún, ó sì fi ọwọ́ dì í mú. N kò mọ ìgbà tí mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ọdún mélòó ni mo ti ń rò pé ariwo mi ni ó ń gba wọ́n là, mo sì ti lo ọjọ́ mẹ́ta ní rírò pé ó ti fọ́ ojú ẹnìkan. Kò ṣe èyí, kò sì ṣe ìyẹn. Kò sí ìròyìn tó dùn mọ́ mi bẹ́ẹ̀ rí láyé mi.

Ìyá náà ní, "Ẹ jókòó dáadáa, kẹ́ẹ jẹ uṣu." Nígbà tí iṣu náà jinná, mo jẹ ẹyọ kan. Mo jẹ ẹ̀kejì.

Ṣùgbọ́n ojú ọmọ náà ṣì wà lábẹ́ báńdéèjì, Ọjọ́bọ̀ sì ń bọ̀. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n fi mọ́tò mi gbé wọn lọ sí Adó, wọ́n sì gbà. Ní àárọ̀ ọjọ́ náà, a dúró pẹ́ lórí bẹ́ńṣì ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn. Ìyá rẹ̀ mú Bíbélì dání, kò ṣí i. Nígbà tí wọ́n pe balógun wọlé, àwa méjèèjì bá a wọlé láìsí pé ẹnikẹ́ni pè wá. Dókítà náà jẹ́ obìnrin tí ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. Ó tú báńdéèjì náà, ó tan iná kékeré sínú ojú, ó wò ó títí mo fi bẹ̀rẹ̀ sí í ka iye táìlì tó wà lára ògiri. Ó wá bo ojú ọ̀tún ọmọ náà, ó ní kí ó ka lẹ́tà tó wà lókè pátápátá lára pátákó ìdánwò ojú. Ó kà á. Ó ní kí ó máa bọ̀ nísàlẹ̀. Ó ń kà á bọ̀, ó dúró díẹ̀ ní ìlà kan, ó sì kà á kọjá.

Dókítà ní ẹ̀jẹ̀ náà ti ń fà kúrò, pé ojú náà ríran, yóò sì máa ríran. Ó ní kó má gbá bọ́ọ̀lù kankan títí oṣù yóò fi parí. Ìyá rẹ̀ ní kí dókítà tún un sọ. Dókítà tún un sọ.

Nígbà tí a ń padà sí Ìkẹ́rẹ́, balógun jókòó lẹ́yìn, ó fi ọwọ́ bo ojú rẹ̀ tó dára, ó sì ń fi èyí tó ń ṣàìsàn ka gbogbo pátákó tó wà lójú ọ̀nà fún wa. Ó ka ti ṣọ́ọ̀ṣì, ó ka ti ẹni tó ń lẹ táyà, ó ka ti ilé ẹ̀kọ́ ọmọ wẹ́wẹ́, ó ka ti ẹni tó ń ta páànù òrùlé. Bí ó bá ka ọ̀kan, á ní, "Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?" Èmi á wò ó, màá ní bẹ́ẹ̀ ni. Ìyá rẹ̀ jókòó níwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó kọjú sí fèrèsé. Mo rí i pé ó ń sunkún, mo sì rọra ń wakọ̀ kí ọ̀nà náà lè gùn sí i.

Sátidé tó tẹ̀ lé e ni a lọ sí Èmùré. Balógun bá wa lọ, ṣùgbọ́n aṣọ ilé ló wọ̀, ó sì dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ní ìta pápá. Tíṣà kékeré kan tí kò tíì bá Ìlawẹ̀ gbá rí ni kóòṣì fi dí àyè rẹ̀. Mo ti bá ara mi sọ ọ́ nílé pé n kò ní la ẹnu. Mo fi ọwọ́ sẹ́yìn, mo dúró bí ẹni tó wà ní ibi ìsìnkú. Eré ti lọ jìnnà, kò tíì sí góòlù, Ìlawẹ̀ sì ń fún tíṣà wa yẹn ní wàhálà, nígbà tí balógun fi ìgúnpá tọ́ mi.

Ó ní, "Bàbá, ẹ pariwo. Ibi gbogbo dákẹ́ jù. Ọkàn wọn kò balẹ̀."

Mo ní mo máa ń pẹ́.

Ó ní, "Kì í ṣe pé a ń fi ṣe nǹkan kan. A kàn fẹ́ mọ̀ pé ẹ wà níbẹ̀ ni."

Mo bá la ẹnu. Mo rí i pé tíṣà kékeré náà gbé ojú sókè sí wa, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀. N kò ní sọ pé ariwo mi ló ṣe é. Ohun tí mo mọ̀ ni pé a rí kọ́nà gbà kò pẹ́ sígbà náà. Nínú họ́kì, bí wọ́n bá ṣẹ̀ ọ́ nítòsí ilé góòlù wọn, wọ́n á fún ọ ní àǹfààní láti ti bọ́ọ̀lù láti òpin pápá wá fún ẹni tó máa gbá a wọlé. Nọ́ọ̀sì wa ló gbá a. Kò le, ó kàn ń yí lọ nílẹ̀, ó kọjá láàárín ẹsẹ̀ mẹ́ta mẹ́rin, ó sì wọlé.

Ìṣẹ́jú tó kù gùn ju ọdún lọ. Ìlawẹ̀ gba kọ́nà mẹ́ta tẹ̀léra. Lẹ́ẹ̀kan, bọ́ọ̀lù bá irin góòlù, ìró rẹ̀ sì wọ inú eyín mi. Balógun di apá aṣọ mi mú, kò sì mọ̀ pé òun dì í mú. Ní kọ́nà kẹta, ọmọbìnrin gíga ti Ìlawẹ̀ gbé ọ̀pá sókè, ibi gbogbo sì gbà pé ó ti parí fún wa. Bọ́ọ̀lù tó gbá kò ní agbára rárá. Aṣọ́lé wa fi ẹsẹ̀ tì í jáde, rẹfirí sì fọn fèrè ìkẹyìn.

Àwọn ọmọ wa sáré sí ara wọn. Àwọn kan dùbúlẹ̀ sórí koríko. Èmi, n kò fò. Mo kàn ń mí. Ó dà bí ìgbà tí ènìyàn bá ti ru igi láti oko dé, tó wá sọ ọ́ kalẹ̀, tí ọrùn rẹ̀ kò sì tíì gbàgbọ́ pé ẹrù ti kúrò níbẹ̀.

Ibi tí a dúró sí yẹn ni ọmọbìnrin gíga ti Ìlawẹ̀ ti wá bá wa. Òógùn bò ó, ó ti bọ́ bàtà rẹ̀ sí ọwọ́. Ó kí mi, ó wá kọjú sí balógun wa, ó sì tẹjú mọ́ ojú òsì rẹ̀. Mo rò pé yóò sọ̀rọ̀ nípa ife. Ó béèrè bóyá òun lè fọwọ́ kàn án. Balógun tẹ orí wálẹ̀ fún un, ọmọ Ìlawẹ̀ náà sì fi ìka kan rọra kan ojú ọgbẹ́ náà.

Ó ní, "Láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, bí mo bá ti gbé ọ̀pá sókè, ìwọ ni mò ń rí nílẹ̀. Mi ò lè gbá a."

Balógun ní, "Ó ti san. Mo ti ń fi okùn bọ abẹ́rẹ́ láti àná."

Ọmọ Ìlawẹ̀ náà bá jókòó lórí koríko lójijì, bí èmi náà ṣe jókòó ní ẹ̀yìnkùlé ìyá balógun. Mo mọ ohun tó ń ṣe é. Balógun jókòó tì í, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ nípa aṣọ tí ọmọ Ìlawẹ̀ náà fẹ́ rán fún ìgbéyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀, bóyá kí apá rẹ̀ gùn tàbí kí ó kúrú. Mo fi wọ́n sílẹ̀, mo lọ bá àwọn yòókù níbi tí wọ́n ti ń ya fọ́tò pẹ̀lú ife. Nígbà tí bọ́ọ̀sì ṣetán, kóòṣì ní kí n lọ pe balógun wá. Mo ní kí ó ṣe sùúrù fún wọn díẹ̀, wọn kò tíì sọ̀rọ̀ dé orí ọrùn aṣọ.